Àwọn Abúlé Àró: Ìwòsàn tí Dókítà àti Ará Ìlú Jọ Ṣe

Àwọn àgbà wí pé, "Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá ń jó láàrín ọjà, àwọn ọmọdé a máa tẹ̀lé e, wọn a máa pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn àgbà náà a sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ wà nílé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ojú ń tì í láti jáde lọ pọn omi. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyá náà àti ọmọ rẹ̀, àti nípa ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta tí ó kọ̀ láti yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí àìsàn yìí jẹ́. Ẹ̀yà ara ni ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dọ̀ ti jẹ́ ẹ̀yà ara. Bí ẹ̀dọ̀ ti lè ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ lè ṣàìsàn. Ẹni tí ó ń ṣe lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè máa rò pé àwọn ará ilé fẹ́ fi májèlé pa òun. Ó lè má sùn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ó sì lè dákẹ́ pátápátá, kí ó má jẹun, kí ó má wẹ̀. Nígbà mìíràn ibà líle, tàbí ọtí, tàbí igbó ló dá a sílẹ̀. Nígbà mìíràn ó ti wà nínú ìdílé tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn ìbànújẹ́ ńlá ló ṣáájú rẹ̀. Kì í ràn. Ẹni tí ó bá bá aláìsàn ọpọlọ jẹun nínú àwo kan náà kò ní kó o.

Òwe kejì wà tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́." Nígbà tí àwọn bàbá wa pa á, oògùn tí ó wà lónìí kò tíì sí, nítorí náà a kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, ẹbí kan yóò rí i pé ọmọ wọn ti rìn dé ọjà láìwọṣọ, wọn á ká ọwọ́ lérí, wọn á ní ó ti bọ́. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti wọ ọjà ni a ti wò, tí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, tí wọ́n gbéyàwó, tí wọ́n bímọ. A lè máa bá wọn ná ọjà kí a má tilẹ̀ mọ̀.

Ibi ìpamọ́

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìjọba lórí wa, wọ́n kọ́ ilé fún irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Wọ́n ṣí ti Calabar ní 1904, wọ́n ṣí ti Yábàá ní Èkó ní 1907. Ní 1944 wọ́n ṣí òmíràn ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, fún àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lántòrò kí ó tó di ilé aláìsàn. Ẹ ò rí nǹkan! Ní tòótọ́, ibi ìpamọ́ ni irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọn kì í ṣe ibi ìwòsàn. Wọ́n ń fi aláìsàn sí àhámọ́ kí ó má baà yọ ará ìgboro lẹ́nu. Ẹni tí ó bá wọlé lè pẹ́ níbẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi hewú. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá, ta ni yóò wá mú un? Wọ́n ti fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Aya rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa kò gbé aláìsàn wọn lọ sọ́dọ̀ ìjọba rárá. Ilé oníṣègùn ni wọ́n ń gbé e lọ. Kí a sọ òtítọ́, ilé oníṣègùn ní ohun méjì tí ilé ìjọba kò ní. Èkíní, ẹbí aláìsàn lè bá a gbé ibẹ̀. Èkejì, àwọn oníṣègùn mọ igi kan tí à ń pè ní asofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa mú ara aláìsàn balẹ̀, a sì máa jẹ́ kí ó sùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ igi yìí àti ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà wò, wọ́n rí oògùn kan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ reserpine. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá lò ó fún aláìsàn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn bàbá wa kò mọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n oníṣègùn kò ní ìwọ̀n tí ó fi ń wọn oògùn náà, bí ó bá sì pọ̀ jù ó lè pa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni nílé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ aláìsàn, pàṣán sì wà lára ògiri. Èyí ni a kò lè fọwọ́ sí láé.

Ọkùnrin tí kò dúró de ilé

Ní 1923 ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò ní Abẹ́òkúta. Ó lọ sí Baptist Boys' High School ní ìlú náà, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham ní Ìlú Ọba, ó sì kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní London. Ó padà wálé. Ní 1954 wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta.

Ilé náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ìbá jókòó, ìbá máa kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí wọ́n tètè ṣe é. Lámbò wo ọ̀tún, ó wo òsì, abúlé àwọn àgbẹ̀ ni ó yí i ká. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbà abúlé lọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ rò ó wò. Bí dókítà kan bá kanlẹ̀kùn yín lọ́la, tí ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní yàrá kan. Aláìsàn ọpọlọ ni yóò gbé ibẹ̀, yóò máa pọn omi níbi tí ẹ ti ń pọn, yóò máa kí yín láàárọ̀," kí ni ẹ ó dáhùn? A kò ní purọ́: àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, ó ṣeé ṣe kí a kọ́kọ́ wá àwáwí. A ó ní yàrá náà ń jò. Àwọn ará abúlé Àró gbà.

Bí ètò náà ti rí nìyí. Wọn kì í gba aláìsàn sí abúlé àfi bí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀, ó kéré tán, bá bá a wá. Ìyá lè bá a wá, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò, tàbí aya. Ẹni yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà lọ́sàn-án. Wọ́n á gba yàrá lọ́wọ́ onílé ní abúlé, wọ́n á sì san owó ilé bí ayálégbé gbogbo.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà ń fún aláìsàn ní ìtọ́jú òde òní: oògùn, abẹ́rẹ́, nígbà mìíràn ìtọ́jú tí a fi iná mànàmáná ṣe. Ní 1952 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn kan tí ń jẹ́ chlorpromazine wo irú àìsàn yìí. Orúkọ rẹ̀ lọ́jà ni Largactil. Ó ń pa ohùn inú orí lẹ́nu mọ́ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, láìsí okùn, láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n tún ń kọ́ aláìsàn ní iṣẹ́ ọwọ́. Bí ọ̀sán bá pọ́n, aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ a padà sí abúlé, àwọn nọ́ọ̀sì a sì máa lọ bẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá lè bá onílé dé oko. Ó lè lọ kírun, ó lè lọ sí ìsìn, ó lè ta ayò. Bí ìlù bá sì dún, ó lè jó. Ijó ọjọ́ yẹn kì í ṣe ijó inú ọjà. Òun àti àwọn ará abúlé ni wọ́n jọ ń jó o.

Kí ló dé tí a fi ń yin ètò yìí? Ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé láti abúlé rẹ̀ lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ kan náà fún un bí ti ẹni ogójì mìíràn. Oúnjẹ tí kò jẹ rí ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ rí ń pè é ní nọ́ńbà. Ẹni tí orí rẹ̀ pé gan-an, ẹ̀rù yóò bà á níbẹ̀. Mélòó mélòó ni ẹni tí ó ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ayé ń lépa òun? Ní Àró, ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹni tó jí i láàárọ̀ mọ oríkì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n a kò tíì rí abẹ́rẹ́ tó ń ki ènìyàn.

Nǹkan mìíràn tún wà, èyí sì ni àwa rò pé ó tóbi jù. Ẹbí aláìsàn ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ìyá tí ó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ gba oògùn lójoojúmọ́ ń fi ojú ara rẹ̀ rí i bí àìsàn náà ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mọ àmì tí ó máa ń ṣáájú kí ó tó tún dìde: àìsùn, ìbínú, kíkọ oúnjẹ. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìyá àgbà ilé kejì ló ń ṣe ọmọ òun. Nígbà tí wọ́n bá padà sílé, kì í ṣe àlejò láti ibi ìpamọ́ ni ó dé. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ, tí wọ́n jọ bọ̀. Bí aládùúgbò bá sì bèèrè pé, "Ṣé kò ní tún bẹ̀rẹ̀ báyìí?" ìyá yóò lè dá a lóhùn, nítorí ó wà níbẹ̀.

Kí a má sì ṣe bí ẹni pé àánú nìkan ló mú àwọn onílé gbà. Owó ilé ń wọlé fún wọn. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó láti fi kọ́ yàrá kún ilé wọn. Omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì ń gbógun ti ẹ̀fọn. Àwọn kan lè sọ pé bí owó bá ti wọ̀ ọ́, kì í ṣe àánú mọ́. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àgbẹ̀ máa ṣe oore láìgba kọ́bọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe é fún ọdún kan. Ilé ìwòsàn kò kàn gbé wàhálà rẹ̀ wá bá àwọn ará abúlé, ó gbé omi pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń bá aláìsàn gbé, ìbáà jẹ́ nítorí owó ilé, yóò ti mọ orúkọ rẹ̀ kí ó tó di oṣù kejì. Nígbà tí a bá ti mọ orúkọ ènìyàn, ó nira láti sọ òkò lù ú.

Lámbò tún pe díẹ̀ nínú àwọn oníṣègùn wá bá a ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ó gbé ilé ìwòsàn lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oníṣègùn mọ ohun tí aláìsàn gbà gbọ́. Ẹni tí ó rò pé wọ́n fi èèdì di òun, bí dókítà bá kàn fi í rẹ́rìn-ín, kò ní gba oògùn dókítà náà. Oníṣègùn mọ bí a ti ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ tí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀.

Òkìkí Àró kàn. Ní 1961 àwọn dókítà ọpọlọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ṣe ìpàdé ńlá ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún kan náà, Lámbò àti àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà jọ ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń wádìí bí àìsàn ọpọlọ ti rí láàrín Yorùbá. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1963. Ọdún 1963 yìí náà ni Lámbò lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Ó di olórí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, nígbà tó sì di 1973 ó di igbákejì olórí àjọ tí ń rí sí ìlera ní gbogbo àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Ẹni tí kò ní ẹbí

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú rẹ̀, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Orí ẹbí ni ètò abúlé dúró lé. Ẹni tí kò ní ẹbí ńkọ́? Alárìnkiri tí kò lè sọ ìlú tí ó ti wá, obìnrin tí ọkọ kọ̀, tí ilé bàbá rẹ̀ náà sì tún kọ̀: àwọn wọ̀nyí kò rí ẹni bá wọn gbé abúlé. Inú ọgbà ni wọ́n ń gbé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá tí ó ń ta ẹ̀kọ. Bí ó bá fi oṣù mélòó kan jókòó ti ọmọ kan ní Àró, ta ni yóò bọ́ àwọn tó kù nílé? Nítorí náà, ẹni tó lénìyàn tẹ́lẹ̀ ló tún rí ènìyàn sí i.

Ayé sì yí. Àwọn ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé, ìyàwó náà ń ṣiṣẹ́ oṣù. Kò sí ẹni tí yóò gba àyè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti lọ máa dáná fún àbúrò ní abúlé. Ìgboro Abẹ́òkúta fẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ètò abúlé rọ. Ilé ìwòsàn Àró ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, Lántòrò sì jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọ́n ń ti ilé wá gba oògùn, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni, àfi pé abúlé ti di àdúgbò tiwa.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ. Ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958. Òfin tuntun yìí sọ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí àìsàn ọpọlọ fi ilé tàbí iṣẹ́ du ẹnikẹ́ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í dìde kí ènìyàn káàbọ̀.

Ní ẹnu géètì

Ní ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀ ọjọ́ kan, à ń dúró de dókítà. Ìyá kan wọlé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀. Ọmọ náà yóò tó ọmọ ogún ọdún. Ìyá náà ti fi gèlè rẹ̀ so ọwọ́ ọmọ mọ́ ọwọ́ tirẹ̀, kí ó má baà sá. Akọ̀wé tí ó ń kọ káàdì gbójú sókè, ó rí wọn, ó kígbe kọjá orí gbogbo wa:

"Ẹ̀yin tí ẹ mú wèrè wá, ẹ dúró síta lọ́hùn-ún!"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò fèsì. Ó yí padà, ó fa ọmọ rẹ̀, wọ́n jáde.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gbọ́. Ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré tẹ̀lé wọn, ó bá wọn lẹ́nu géètì.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Kí lorúkọ ọmọ yín?"

Ìyá náà sọ orúkọ. Nọ́ọ̀sì fi orúkọ náà pe ọmọ, ó ní, "Báwo ni? Ṣé o rí oorun sùn?"

Ọmọ náà ní òun ò sùn láti ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, láti ìgbà tó ti ń ṣe é, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó bi òun fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè." Wọ́n padà wọlé pọ̀. Nọ́ọ̀sì náà wá àyè fún wọn lórí bẹ́ǹṣì, láàrín wa.

A kò sọ pé ènìyàn burúkú ni akọ̀wé yẹn. Ó ti ń kọ káàdì láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, orí ń fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì yẹn bá ti lọ jẹun lákòókò náà, ìyá yẹn ìbá ti wọ ọkọ̀ lọ, a kò sì mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ìbá wà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ohun tó sì ń dùn wá títí di òní ni pé àwa tí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó sún fún wọn kí nọ́ọ̀sì tó dé. Ilé ìwòsàn kì í ṣe ti dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀, àwa tí à ń dúró náà wà níbẹ̀, aláìsàn sì ń wo ojú gbogbo wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe. Bí ọmọ ẹbí tàbí aládùúgbò yín bá ń gba irú ìtọ́jú yìí, ẹ bá a ka káàdì rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní kí ó padà wá, kí ẹ rán an létí ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ bá a ka ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn: ẹ̀ẹ̀mélòó lóòjọ́, àárọ̀ ni tàbí alẹ́. Ohun tí ó máa ń dá àìsàn yìí padà jù ni pé ara yóò yá, aláìsàn yóò ní òun ti gbádùn, yóò da oògùn nù. Oògùn náà ló mú ara rẹ̀ yá. Òtítọ́ ni pé oògùn lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, tàbí kí ọrùn le, tàbí kí oorun pọ̀ jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ẹ bá a lọ sọ fún dókítà, wọ́n lè dín in kù, wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má sì bú u. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá sì wà ní ilé oníṣègùn tàbí ilé àdúrà, bí ẹ bá rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. A lè gbàdúrà fún ènìyàn láìdè é mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

Kí ẹnì kan ka ẹ̀kọ́ yìí sókè, kí ẹgbẹ́ sì jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kí ló dé tí wọn kì í gba aláìsàn sí abúlé Àró bí ẹbí rẹ̀ kò bá bá a wá? Bí ẹ bá jẹ́ baálẹ̀ nígbà náà, kí ni ẹ̀ bá sọ fún dókítà? Ta ni ó wà ní àdúgbò yín lónìí tí ó ń rìn kiri, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀? Ta ni nínú ẹgbẹ́ yìí tí yóò lọ bi í?